Duotone: «aláwọ̀-méjì» tàbí «onípẹ̀kun-méjì»?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ fún duotone, ìyẹn fífi àwọ̀ méjì àti àwọn àwọ̀ àárín wọn rọ́pò àwọ̀ fọ́tò, tí à ń fi kóòdù ṣe nínú áàpù: «olóhùn-méjì» àti «aláwọ̀-méjì». Ti àkọ́kọ́ kò bá a mu rárá. Etí ló ni ohùn. Èkejì dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́nà.

Fọ́tò aláwọ̀ méjì ni èyí tí píksẹ́lì rẹ̀ (àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò) jẹ́ yálà dúdú tàbí funfun, tí kò sí nǹkan kan láàárín. Duotone kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ̀kun ni àwọ̀ méjì tí a yàn. Gbogbo àwọ̀ àárín wọn ló máa jáde. Kóòdù á kọ́kọ́ wá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì: pupa lọ́nà 0.2126, àwọ̀ ewé lọ́nà 0.7152, búlúù lọ́nà 0.0722, á wá ro wọ́n pọ̀. Ìwọ̀n yẹn ló ń sọ ibi tí píksẹ́lì máa dúró sí láàárín ìpẹ̀kun ṣíṣú àti ìpẹ̀kun mímọ́. Nítorí náà, «onípẹ̀kun-méjì» ni mo fara mọ́.

Ẹ wo ColorMatrix, irinṣẹ́ tí Android fi ń yí àwọ̀ padà, tó ń gba nọ́ńbà 20 ní ìlà mẹ́rin. Bí pupa inú ìpẹ̀kun ṣíṣú bá jẹ́ 20 lórí ìwọ̀n 0 sí 255, tí ti mímọ́ jẹ́ 255, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 235. Ẹ fi 255 pín in, ó di 0.9216, ẹ fi èyí sọ nọ́ńbà mẹ́ta òkè yẹn di púpọ̀. Ìlà pupa á jẹ́ 0.196, 0.659, 0.067, 0, 20. Bákan náà ni ti ewé àti búlúù. Ìlà kẹrin, tó ń sọ bí fọ́tò ṣe máa hàn tó, á dúró ní 0, 0, 0, 1, 0. Bí 1 yẹn bá di 0, fọ́tò á pòórá. 20 tó gbẹ̀yìn ìlà pupa ni ìpẹ̀kun ṣíṣú gan-an. Ẹni tó bá kọ 0.08 síbẹ̀, nítorí pé ó fi 255 pín in, á rí i pé pupa ti kúrò nínú òjìji fọ́tò: ìwọ̀n 0 sí 255 ni Android ń lò níbẹ̀.

Lórí iPhone, CIFalseColor, àlẹ̀mọ́ àwọ̀ tó ti wà nínú ẹ̀rọ náà, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: inputColor0 ni ṣíṣú, inputColor1 ni mímọ́. Bí wọ́n bá gbapò ara wọn, ojú ènìyàn á dà bíi ti nẹ́gátíìfù.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìpẹ̀kun méjèèjì súnmọ́ra. Pupa 255 nìkan àti ewé 76 nìkan yàtọ̀ síra lójú, ṣùgbọ́n 54 ni ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì. Imú àti ẹnu á rẹ́ mọ́ ara wọn. «Aláwọ̀-méjì» kò kìlọ̀ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó wà lórí bọ́tìnì tí olùlò ń tẹ̀, bó bá wù yín, ṣùgbọ́n nínú àlàyé kóòdù, ìpẹ̀kun ni kí a kọ.