Ṣé dandan ni kí n fi òwò sílẹ̀ kí ayé mi tó lè jẹ́ ti Ọlọ́run pátápátá?

Oníṣòwò Bódìjà:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ó sì ti pé ọdún 14 báyìí. Níbi ìsọjí kan tí ìjọ wa ṣe, oníwàásù sọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí Ọlọ́run pè ní ọdún 1928 nídìí katakata tí ó fi ń tẹ títì, tí ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti tẹ̀lé E. Oníwàásù náà ní ẹni tí ó bá ṣì ń ka owó láti àárọ̀ di alẹ́ kò tíì fi gbogbo ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti dìde lórí eékún mi ní ìdájí, tí mo sì ti ṣí ìsọ̀, n kì í rántí Ọlọ́run mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta ń wo ojú mi, ìyá mi tí ó ti darúgbó sì wà ní abúlé, ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ ni ó ń jẹ. Ṣé kí n ti ìsọ̀ náà pa ni?

Màmá Ìjọ:
Ọmọ mi, mo rí i pé tọkàntọkàn ni o fi ń béèrè. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn Babalọlá gidigidi. Àwọn òbí mi wà lára àwọn tí wọ́n rọ́ lọ sí Òkè-Oòye ní Iléṣà ní ọdún 1930 nígbà tí ìsọjí ńlá nì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Babalọlá gbọ́ ohùn tí ó pe òun fúnra rẹ̀. Ìwọ, ìwàásù nípa ìpè ẹlòmíràn ni o gbọ́. Tún Lúùkù orí 3 kà. Nígbà tí àwọn agbowó-òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí gbogbo ìlú kórìíra ni. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a pàṣẹ fún wọn lọ. Ó ní kí àwọn ọmọ-ogun má ṣe fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá ṣe iṣẹ́ àgọ́ pípa pẹ̀lú Àkúílà àti Pírísíkílà ní Kọ́ríńtì.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìntì:
Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó wà ní abúlé ni èmi fẹ́ mú. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn kan wí, tí wọ́n ń pe ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú òbí ní Kọ́bánì, ìyẹn ni pé ó ti di ti Ọlọ́run, tí wọ́n sì fi bàbá àti ìyá sílẹ̀ nínú àìní. N kò rò pé Ọlọ́run yóò gba oúnjẹ ẹnu ìyá rẹ ní ẹbọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi Ajàyí Crowther kún un, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó fi sin Ọlọ́run kò jọ iṣẹ́ ẹ̀mí lójú ẹni tí ń wò ó: ó ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó ń kọ ìwé atúmọ̀, ó ń túmọ̀ Bíbélì ní ẹsẹ-ẹsẹ. Ìwé Róòmù, èyí tí ó ní kí a fi ara wa fún Ọlọ́run ní ẹbọ ààyè, jáde ní 1850. Odidi Bíbélì kò pé títí di 1884, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn mìíràn. Mo máa ń ronú nípa iye ọjọ́ tí ó fi jókòó ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ọdún 34 yẹn, tí kò sí ẹni tí ń ké halelúyà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Alágbàdo:
Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: kóńgò wo ni ẹ fi ń wọn gàrí? Àwa tí a ń tajà mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọ inú, àwọn mìíràn á yọ́ àbẹ́là sí i nísàlẹ̀, oníbàárà á sì rò pé ó kún. Irú rẹ̀ ni mo fi ta àgbàdo fún ọdún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo ń gbààwẹ̀, mo sì ń san ìdámẹ́wàá nínú èrè rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ka Òwe 11:1, pé òṣùwọ̀n èké, ìríra ni lójú Olúwa. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde lórí àga.

Mo ra kóńgò tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ le, nítorí iye kan náà ni èmi àti ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń tà, tèmi sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. N kò ní purọ́ fún yín pé èrè wá pọ̀ lẹ́yìn náà. Kò tíì tó ti tẹ́lẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n mo lè gbàdúrà nínú ìsọ̀ báyìí, bí oníbàárà kan bá ti lọ kí òmíràn tó dé. N kò lè ṣe é nígbà náà, nítorí ojú ń tì mí láti pe Ọlọ́run wá síbi tí kóńgò náà wà. Bóyá ohun tí ń mú kí ẹ gbàgbé Ọlọ́run láti àárọ̀ di alẹ́ kò jìnnà sí èyí, bóyá ó sì jìnnà. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀.

Oníṣòwò Bódìjà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Láti àná ni n kò ti mọ ohun tí n ó sọ. N kò fi ọwọ́ mi lu ìdí kóńgò, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rà á nìyẹn, mo sì mọ̀ nígbà tí mo ń rà á. Mo ti gbé e kúrò. N kò ní ti ìsọ̀ pa. Ohun tí ó ń dà mí láàmú báyìí ni àwọn tí mo ti rẹ́ jẹ. Sákéù, agbowó-òde inú Bíbélì, ní òun yóò san ohun tí òun bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi. Ṣé kí n máa fi èènì kún un fún gbogbo ẹni tí ó bá wá?

Ìyá Alágbàdo:
Èènì dára, ṣùgbọ́n ọrẹ ni èènì, gbèsè sì ni èyí. Àwọn tí ẹ bá mọ̀, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, kí ẹ sì wọn èyí tí ó kù fún wọn. Ìyá olóúnjẹ kan tí ó máa ń rà lọ́wọ́ mi bínú, kò sì padà wá mọ́. N kò dá a lẹ́bi. Ní ti àwọn tí n kò mọ̀, àpò àgbàdo kan ni mo ń gbé lọ fún àwọn opó àdúgbò wa lóṣooṣù, n kì í sì kà á mọ́ ìdámẹ́wàá mi.