Projector fún pálọ̀: DLP, LCD tàbí laser?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ ra projector tí a ó máa fi wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, fíìmù lálẹ́. Fèrèsé pálọ̀ wa tóbi, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń wọlé gan-an. Láti ògiri dé ibi tí mo lè gbé e kà jẹ́ mítà 3. Ìkan ní DLP, ìkan ní LCD, ìkan ní laser. Páálí kan tiẹ̀ kọ ọ́ sára pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó lumen 9,000, èyí tó wọ́n jù ú lọ kọ 2,500! Èwo ni kí n mú?

Adéògo:
Laser ni kẹ́ ẹ rà, mà. Wàhálà gílóòbù ti pọ̀ jù.

Atúnnáṣe:
Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ títún projector ṣe ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Adéògo ò purọ́: gílóòbù sábà máa ń lo wákàtí 3,000 sí 5,000, laser á tó 20,000. Ṣùgbọ́n laser kàn ń tan iná ni. DLP tàbí LCD ló ń sọ iná náà di àwòrán, méjèèjì ló sì lè lo laser.

Nínú DLP, ọ̀kẹ́ àìmọye dígí tíntìntín ló wà lórí ṣíìpù kan (Larry Hornbeck ló ṣe é ní Texas Instruments lọ́dún 1987). Nítorí pé ṣíìpù kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń lò nílé, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ò lè jáde pọ̀. Wọ́n ń tẹ̀ léra wọn wàrà-wàrà, ojú wa ló ń pò wọ́n pọ̀. Ojú ẹlòmíràn máa ń já a: tó bá yíjú kíákíá lórí lẹ́tà funfun tó wà lórí ilẹ̀ dúdú, á rí àwọ̀ òṣùmàrè fìrí. Orí á máa fọ́ ẹlòmíràn. Kí gbogbo ará ilé wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.

LCD onípáànẹ́lì mẹ́ta (dígí pẹlẹbẹ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kan) ń gbé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí òṣùmàrè. Eruku ni ọ̀tá tiẹ̀. Afẹ́fẹ́ fáànù ló ń tu páànẹ́lì lára, eruku sì ń bá a wọlé. Èyí tí mo tú sórí tábìlì báyìí, eruku bo asẹ́ rẹ̀ nípọn bí aṣọ òtútù. Tí mo bá tàn án, àbàwọ́n aláwọ̀ ewé kan á yọ bàìbàì lápá ọ̀tún, pàápàá níbi tí fíìmù bá ti ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá lè máa gbọn asẹ́ déédéé, LCD ni màá ní kẹ́ ẹ rà.

Lumen 9,000 yẹn, ṣé wọ́n kọ ANSI tàbí ISO, ìlànà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ projector, sí i? Tí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. 2,500 tó ní ANSI ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ sì bèèrè "native", ìyẹn iye píksẹ́lì (àmì tíntìntín tó ń kó àwòrán jọ) tí projector fúnra rẹ̀ ní: ọ̀pọ̀ ló ń gba àwòrán 1080p wọlé, tí wọ́n á sì dín píksẹ́lì rẹ̀ kù kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ní ti mítà 3, ẹ wá throw ratio (jíjìnnà projector sí ògiri tí a fi fífẹ̀ àwòrán pín) nínú ìwé rẹ̀. Tó bá jẹ́ 1.5, ẹ fi pín 3: àwòrán á fẹ̀ ní mítà 2, ìyẹn bí ínǹṣì 90 láti igun dé igun.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Tí mo bá ra èyí tí iná rẹ̀ pọ̀, ṣé mo ṣì nílò kọ́tìnì?

Atúnnáṣe:
Ẹ nílò rẹ̀, mà. Projector ò lè da dúdú sára ògiri. Ibi tó yẹ kó dúdú, ṣe ni kì í tan iná síbẹ̀. Bí ògiri yín ṣe rí tí projector bá wà ní pípa, bẹ́ẹ̀ ni dúdú yín á ṣe rí. Tí oòrùn bá wọlé, dúdú á di eérú. Bọ́ọ̀lù á ṣì ṣeé wò, torí pápá mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù ò ní gbádùn mọ́ yín. Ẹ yọ owó kọ́tìnì tó nípọn sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ronú kan laser.

Ẹ sì jẹ́ kó kọjú sí ògiri tààrà. Keystone, ètò inú projector tó ń tún àwòrán tó wọ́ ṣe, á tọ́ igun àwòrán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara píksẹ́lì ló ti ń gé e.