Táyà Báàgì Wà Lára Ìwọ̀n: Ìrírí Wa Lórí Ẹrù Ọwọ́

Ìyá Àgbà, Bódìjà

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, mo kí yín o. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ẹrù ọwọ́, èyí tí à ń gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, nítorí ó dà bí ẹni pé ẹnu ọlọ́jà ni púpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ òfin yìí, ọlọ́jà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá wa dúró.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní ìlú Belfast, mo lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra báàgì onítáyà tí n óò gbé lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní íǹṣì 22 ni, ó ní, "Mọ́mì, gbogbo bàálù ló ń gbà á, kódà ti Amẹ́ríkà." N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Íǹṣì 22 sí 14 sí 9 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà bíi Delta, United àti American fi lélẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 56 sí 36 sí 23. Ohun tí kò sọ, tí èmi náà kò sì béèrè, ni pé íǹṣì 22 tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpótí, ó sì parí sí orí àpótí. Kò ka táyà mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀, kò ka ọwọ́ tí a fi ń gbé e tó wà lókè. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń ka gbogbo rẹ̀.

Ní Ìkẹjà, orí síkéèlì nìkan ni wọ́n gbé e lé. Ilé iṣẹ́ tó gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù gba ẹrù ọwọ́ tó wúwo dé kílò 23, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá lè dá a gbé sókè, tèmi kò sì ju 9 lọ. Kò sí ẹni tó mú téèpù jáde. Mo rò pé a ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni ọmọ mi ọkùnrin bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Belfast. Àpò kékeré tó lè wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ni àwọn yẹn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ó san owó lé e kí n lè gbé báàgì ńlá, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 56 sí 45 sí 25 lọ. Ó ti pè mí ṣáájú láti bi mí pé báwo ni báàgì mi ṣe ga tó, mo sì dá a lóhùn pé íǹṣì 22. Ó fi 2.54 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 55.88, inú rẹ̀ dùn pé ó bọ́ sí i rẹ́gí. Èmi àti ọmọ mi kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà Dùgbẹ̀ ni à ń ṣírò.

Nígbà tí a tò sí ẹnu géètì, mo rí férémù irin kan tó dúró bí àgò adìẹ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí n gbé báàgì mi sínú rẹ̀. Ó wọlé, ó kù táyà. Mo yí i padà, táyà wọlé, ó kù ọwọ́ àti orí àpótí. Mo fi orúnkún tì í, àgbàlagbà bí èmi, àwọn ènìyàn tó tò lẹ́yìn mi ń wo aago. Ó lé ní ogójì pọ́n-ùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kan nínú owó tí ọmọ mi ti san ṣáájú dín in kù. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí wà nínú báàgì náà, tí mo ti pinnu pé kò ní kúrò lọ́wọ́ mi, abẹ́ ọkọ̀ ni ó sì bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun. Nígbà tí a délé, ọmọ mi fi téèpù wọn báàgì náà láti ilẹ̀ dé òkè. Sẹ̀ǹtímítà 61 ni.

Aránfìlà, Òjé

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá wa. Ọlọ́run yóò wo ìkókó náà.

Fìlà aṣọ òkè ni mò ń rán ní Òjé, téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi, síbẹ̀ ẹrù ọwọ́ ti kó mi sí ìtìjú rí. Lọ́dún 2022 mo kó fìlà mẹ́rìnlélógún lọ sí Àbújá fún ìgbéyàwó kan, láti Alákíá níhìn-ín ni mo sì ti wọkọ̀. Fìlà kì í ṣe ohun tí à ń tì sí abẹ́ ọkọ̀, nítorí bí wọ́n bá gbé àpótí ẹlòmíràn lé e lórí, kò ní ṣeé dé mọ́. Mo wọn báàgì mi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, tòun ti táyà àti ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 54, kò sì wúwo tó kílò 5. Wọ́n wò ó ní kọ́ńtà, wọ́n ní kò burú.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ọkọ̀ kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ lápá méjèèjì ni a bá lọ, irú ATR wọ̀nyẹn, pẹpẹ tó wà lókè orí èrò nínú rẹ̀ kò sì jìn. Báàgì tí yóò wọ inú ọkọ̀ ńlá wọ́ọ́rọ́ kò lè wọ ibẹ̀. Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ gan-an ni òṣìṣẹ́ kan dúró sí, tó ń gba báàgì onítáyà lọ́wọ́ èrò, tó ń so nọ́ńbà mọ́ wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n má bínú. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé ṣé kò sí páwà báǹkì nínú rẹ̀, mo ní ó wà. Ó ní kí n yọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀, nítorí bátìrì irú ìyẹn lè gbiná, bí ó bá sì gbiná lábẹ́ ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò tètè rí i pa. Ọ̀dọ̀ èrò ni ó gbọ́dọ̀ wà. Iná tó lè gbà sára pàápàá ní ìwọ̀n, wáàtì-wákàtí 100 ni, èyí tó ń lọ sí bíi 27,000 mAh tí wọ́n ń kọ sára èyí tí à ń rà, ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ àṣẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi páwà báǹkì náà sí. Mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà, mo ń kó fìlà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ dé, fìlà mẹ́ta gbéra. Àwọn èrò ni wọ́n bá mi sá tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo rí páwà báǹkì mú, òṣìṣẹ́ náà wo gbogbo fìlà tó wà nílẹ̀, àánú ṣe é, ó fún mi ní ọ̀rá ńlá kan, ó ní kí n kó wọn sínú rẹ̀, kí n gbé e lé itan. Báàgì tó ṣófo ni ó lọ sí abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá mi lé fìlà dé èyí tó mú wò, ó ní ó bá orí òun mu, ó sì sanwó rẹ̀ kí a tó balẹ̀ sí Àbújá.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àgbowó

Ìwúwo ni ìjà tèmi, kì í ṣe gígùn. Kílò 7 ni Emirates àti Qatar Airways ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹrù ọwọ́ fún èrò tó wà ní ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù, ilé iṣẹ́ tí mo bá lọ náà kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ni mo kó, ìwé sì wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Mo gbé báàgì mi lọ sí ìsọ̀ obìnrin tó ń ta adìẹ oní-yìnyín ní Àgbowó, mo ní kó bá mi fi síkéèlì rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì fi kílò 7 géérégé hàn. Ọkàn mi balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé bí síkéèlì ọlọ́jà bá máa ṣìṣe, ó máa ń sọ kékeré di ńlá ni, kì í sọ ńlá di kékeré.

Ní Ìkẹjà, síkéèlì wọn ní 9.2. Mo bá ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà jiyàn. Mo sọ fún un pé èmi kì í parọ́, mo sì fẹ́ máa sọ iye ọdún tí mo fi kọ́ ìmọ̀ ìṣirò nígbà tó ní kí n jọ̀wọ́ ṣí i. Àárín ìwé kẹta àti ìkẹrin ni èlùbọ́ kílò méjì wà, tí ìyàwó mi fi rọ́bà dì mẹ́rin-mẹ́rin ní òru, tó sì rọra tì bọ ibẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Awakọ̀ tó gbé mi wá ti ń padà lọ sí Ìbàdàn. Mo fún alábàárù kan ní ìwé márùn-ún, mo sì gbé èlùbọ́ lọ. Ẹni tó bá ti gbélé pẹ̀lú ìyàwó fún ogójì ọdún kò ní bi mí pé kí ló dé.

Ọmọ Mọ́níyà

Èmi kò ní ìtàn gígùn, ẹ̀yin àgbà. Báàgì mi wọ férémù, kò wúwo. Òrí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi níbi àyẹ̀wò, ike mílílítà 250 kan. Láti ọdún 2006, lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi ba ọkọ̀ òfurufú jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ìwọ̀n mílílítà 100 ti wà káàkiri, lóòótọ́ àwọn pápákọ̀ òfurufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú u díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun. Mo ní òrí kì í ṣe omi, pé ó dì. Ọkùnrin náà fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó bi mí pé bí a bá gbé e sínú oòrùn ńkọ́? N kò rí èsì fọ̀.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní kọ́ńtà, Olúyọ̀lé

Mo kí gbogbo yín. Mo ṣiṣẹ́ ní kọ́ńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní Ìkẹjà fún ọdún mẹ́rin kí n tó padà sílé, mo sì ti rí ẹrù ọwọ́ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọbìnrin yẹn. Gbogbo ọkùnrin tó wá síwájú wa ni kì í parọ́.

Èjìká ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe báàgì. Ọkùnrin kan wà tó fi ìka méjì gbé báàgì tirẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni gbé ìyẹ́ adìẹ, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. Kílò 15 ni. Àwọn mìíràn máa ń fi báàgì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò wọn lẹ́yìn òpó, wọn yóò wá sí kọ́ńtà lọ́wọ́ òfo, lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìwé ìwọkọ̀ tán ni wọn yóò padà lọ gbé e. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí síkéèlì kejì fi máa ń wà ní ẹnu géètì nígbà mìíràn.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ti ẹnìkan lónìí tí wọ́n á sì kọ irú rẹ̀ lọ́la. Bí ọkọ̀ bá ṣe kún tó ni. Boeing 737-800 lè gba èrò 189, pẹpẹ òkè rẹ̀ kò sì lè gba àpótí onítáyà 189 láé. Nígbà tí ọkọ̀ kò bá kún, a lè mójú kúrò. Nígbà tó bá kún, àwọn ogún tó wọlé kẹ́yìn yóò máa rìn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú àpótí lórí, ọkọ̀ yóò pẹ́, ọ̀gá yóò sì bi wá pé ta ni ó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mo gbà pé kò dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a mójú kúrò fún ní ọjọ́ Ajé yóò rò pé a fìyà jẹ òun ní ọjọ́ Ẹtì.

Ní ti obìnrin tó dá yín dúró ní ẹnu géètì yẹn, Ìyá wa, n kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwa kì í gba kọ́bọ̀ lórí báàgì ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni ó rí bẹ́ẹ̀: Michael O'Leary, ọ̀gá Ryanair, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú kan, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2025 pé òun ń fún òṣìṣẹ́ ní yúrò 1.50 lórí báàgì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú pé ó tóbi jù, òun yóò sì sọ ọ́ di 2.50. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ lọ́dún 2014 pé ẹrù ọwọ́ tí ìwọ̀n àti ìwúwo rẹ̀ bá mọ níwọ̀n kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n máa gba owó lé. Níbi tí "mọ níwọ̀n" parí sí ni ìjà náà wà títí di òní. IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, dábàá ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ́dún 2015, sẹ̀ǹtímítà 55 sí 35 sí 20, àwọn ará Amẹ́ríkà sì kọ̀ ọ́ kíákíá nítorí ó kéré sí tiwọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì, ìwọ̀n èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi ra báàgì láti Ìbàdàn.

Ìyá Àgbà, Bódìjà

Ọmọ mi, o ṣeun, ó yé mi. Bàbá Aránfìlà, ẹ̀rín pa mí níbi tí fìlà ti gbéra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí ìyájú.

Ẹnìkan bi mí níkọ̀kọ̀ pé báàgì wo ni mò ń gbé báyìí. Mo padà lọ sí Belfast ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì. Mo lọ bá télọ̀ kan ní Sábó, mo kọ sẹ̀ǹtímítà 45 sí 36 sí 20 sórí bébà fún un, ó sì fi kánfáàsì rán àpò kan fún mi, kò ní táyà, kò ní irin, aṣọ ni ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé kó fi díẹ̀ kún un kó lè gba ẹrù dáadáa, mo ní bí ó bá fi íǹṣì kan kún un, n kò ní sanwó. Ọ̀já náà wà nínú rẹ̀ lọ àti bọ̀. Ní ẹnu géètì, mo gbé e sínú àgò irin yẹn kí wọ́n tó sọ pé kí n gbé e sí i, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Báàgì Dùgbẹ̀ ṣì wà nílé, orí àpótí aṣọ ni mo gbé e sí. Èlùbọ́ ni mò ń tọ́jú sínú rẹ̀.