Mówà mi ti dákẹ́ lórí ilẹ̀ éékà méjì: èwo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Loganville, Georgia

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ná owó tí n kò ní rí gbà padà. Mówà tí mò ń jókòó lé gé koríko ti pé ọdún 14 lọ́wọ́ mi. Láti oṣù Kẹfà ni ara rẹ̀ kò ti yá mọ́. Bí ó bá tutù, á gun òkè. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ gbóná, á dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà ò ní yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irin dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àpótí irin tó bo bíléèdì lábẹ́, tún ya níbi tí wọ́n de bíléèdì apá òsì mọ́. Mẹkáníìkì ní gíà tuntun àti dẹ́ẹ̀kì tuntun á gba 1,600 dọ́là, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n má ná an.

Ilẹ̀ wa jẹ́ éékà méjì. Tí a bá yọ ilé àti ọ̀nà mọ́tò kúrò, ibi tí mò ń gé tó éékà kan ààbọ̀. Iwájú tẹ́jú, koríko Bermuda ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn dàgẹ̀rẹ́ lọ sétí odò kékeré kan, koríko fescue ló sì pọ̀ lábẹ́ àwọn igi ibẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní zero-turn oní-íǹṣì 54 ni kí n rà, ìyẹn mówà tí a ń fi ọ̀pá méjì darí, tó lè yí po lójú kan, pé kíá ni màá máa parí iṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n pe àwọn tó ń gé e gbowó. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, kí lẹ rí sí i?

Ẹnjiníà, Katy, Texas

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Kí ẹ tó wo mówà, ilẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ mú pákó tó gùn ní íǹṣì 48. Ẹ lọ síbi tó dà gẹ̀rẹ́ jù, ẹ gbé orí pákó kan lé ilẹ̀ lápá òkè, ẹ gbé orí kejì sókè díẹ̀díẹ̀ títí pákó á fi tẹ́jú. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà tàbí fóònù yín lè sọ fún yín bó bá ti tẹ́jú. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín orí kejì yẹn àti ilẹ̀. Bí ó bá tó íǹṣì 13, dígírì 15 nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlò mówà ti ń sọ pé kí èèyàn má gùn ún kọjá.

Ẹ wọn fífẹ̀ géètì tó lọ sẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹ tún wo ibi tí sọ́kàwéè yín wà, bó bá jẹ́ pé ilé yín ń lo ti ara rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá síbí kí á tó máa dárúkọ mówà.

Mọ́mì Bowie, Maryland

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni tó gbà yín níyànjú zero-turn. Èmi fúnra mi ni mò ń gé koríko ilé wa láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀yìn ilé wa náà dàgẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìrì ò tíì gbẹ, mo kánjú torí mo fẹ́ lọ síbi ìsìnkú. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí zero-turn ni nǹkan náà bá yọ̀. Mo fa ọ̀pá méjèèjì sẹ́yìn, kò dúró. Ọgbà onípákó aládùúgbò wa ló dá a dúró. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Táyà iwájú zero-turn kì í tọ́ nǹkan kan, ńṣe ló ń yí kiri bíi ti ọmọlanke tí a fi ń rajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń tọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì, àwọn náà ló sì ń dá a dúró. Bí àwọn yẹn bá ti yọ̀ lórí koríko tútù, kò sí ìtọ́nà, kò sí bíréèkì. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, n kò ní purọ́, kò sí ohun tó dára tó o láti yí igi po. Ṣùgbọ́n létí odò? Ẹ jọ̀ọ́.

Oníkoríko, Arlington, Texas

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé mi, zero-turn ni mo sì ń lò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Mọ́mì ni mo tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọmọ tó ń tajà yẹn kò ṣe fún yín. Ẹ mú fífẹ̀ dẹ́ẹ̀kì ní íǹṣì, ẹ fi ìyára rẹ̀ ní máìlì láàárín wákàtí kan sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ wá fi 99 pín in. Iye éékà tí ẹ lè gé ní wákàtí kan nìyẹn bí ẹ kò bá yà síbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ó yí igi po, bíléèdì á sì máa padà gun ibi tí ẹ ti gé díẹ̀díẹ̀, nítorí náà 124 ni èmi fi ń pín in. Dẹ́ẹ̀kì 42 ní máìlì 5 á gé éékà 1.7. Dẹ́ẹ̀kì 54 ní máìlì 7 á gé éékà 3. Lórí éékà kan ààbọ̀ yín, ìṣẹ́jú 53 nìyẹn lọ́wọ́ kan, ìṣẹ́jú 30 lọ́wọ́ kejì. Ìṣẹ́jú 23 ni wọ́n ń tà fún yín lówó gọbọi, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń sáré máìlì 7 lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tó dùn mí ni pé agbára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kà. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló pa tiyín. Kawasaki ni o, Kohler ni o, Briggs & Stratton ni o, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò tí ẹ kò sì jẹ́ kí fíltà atẹ́gùn dí, á bá yín pẹ́. Gíà ló kọ́kọ́ ń lọ. Hydrostatic ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn báyìí: pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ń yí ẹ̀rọ kékeré kan, ìyẹn ló ń yí táyà. Bí inú rẹ̀ bá ti jẹ, tí ọ́ìlì sì gbóná, ọ́ìlì á fúyẹ́ bí omi, á máa sá gba ibi tó ti jẹ, kò ní lágbára láti ti nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń gun òkè nígbà tó tutù, tó sì ń dúró lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Nínú mówà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sábà máa ń dé gíà yẹn pa ni. Kò sí ibi tí ẹ ti máa fa ọ́ìlì rẹ̀ yọ, kò sí fíltà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó lè pẹ́ dáadáa. Lórí òkè bíi tiyín, ooru ló ń pa á. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tajà ni pé, "Ṣé a lè pààrọ̀ ọ́ìlì gíà yìí?" Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ lọ bá ẹlòmíì.

Dẹ́ẹ̀kì náà kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ òmíràn jáde láti ara páànù irin kan ṣoṣo. Wọ́n ń gé òmíràn láti ara irin tó nípọn, wọ́n á wá jó o pọ̀. Ẹ bèèrè géèjì irin rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé nọ́ńbà tó kéré ló nípọn: géèjì 10 nípọn ju 13 lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ máa ha koríko tútù kúrò lábẹ́ rẹ̀. Koríko tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí irin dípẹtà, ibi tó bá sì ti dípẹtà ló ń ya.

Àbúrò Kent, Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ọgbà tiwa níbí kò tó tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo kàn wá bákan náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo bẹntiróòlù lásán ti di E10 lọ́dọ̀ wa, ìyẹn epo tí ethanol (ọtí líle) inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi í sílẹ̀ nínú mówà mi láti ìgbà òtútù dé ìgbà ìrúwé, kabúrétọ̀ dí pátápátá. Ethanol inú rẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Super tó jẹ́ E5 ni mo ń rà sínú rẹ̀ báyìí, mo sì ń jẹ́ kó jó tán kí n tó pa á tì.

Oníkoríko, Arlington, Texas

Òótọ́ ni. Níbí, E10 kò burú bí ẹ bá ń lò ó lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má da E15 sínú mówà láéláé. Ẹ wo ara pọ́ǹpù dáadáa nílé epo, torí owó rẹ̀ sábà máa ń dín díẹ̀, ojú á sì tètè lọ síbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Loganville, Georgia

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n. Níbi tó pọ̀ jù lẹ́yìn ilé, àlàfo abẹ́ pákó jẹ́ íǹṣì 7. Ṣùgbọ́n létí odò níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà ogún, ó di íǹṣì 15. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i, torí ọdún 14 ni mo ti ń gùn ún níbẹ̀. Géètì jẹ́ íǹṣì 58. A ní sọ́kàwéè tiwa, abẹ́ koríko apá ọ̀tún ni àwọn páìpù rẹ̀ wà.

Ẹnjiníà, Katy, Texas

Ó dáa. Íǹṣì 7 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 8, kò sí wàhálà níbẹ̀. Íǹṣì 15 jẹ́ dígírì 17. Ẹ má jókòó lé ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi èyí tí a ń fọwọ́ tì gé e, kí ẹ sì máa lọ ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kí ó má baà yọ̀ lé yín lẹ́sẹ̀. Tàbí kí ẹ gbin ohun tí kò nílò gígé síbẹ̀. Níbi dígírì 8, mówà oní-sítíárì ni kí ẹ mú, kí ẹ máa lọ sókè sódò, ẹ má gbà á ní ìbú. Ẹ rí i pé ọ̀nà tí a fi ń lo èyí tí a ń fọwọ́ tì yàtọ̀ sí ti èyí tí a ń jókòó lé.

Géètì yín ti yọ dẹ́ẹ̀kì 54 kúrò, kódà 48 á há. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè jẹ́ fífẹ̀ ibi tí bíléèdì ń gé nìkan. Ẹnu tí koríko ń gbà jáde máa ń yọ síta bí íǹṣì mẹ́wàá. Ẹ wá 42 tàbí 46, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹnu náà. Ní ti sọ́kàwéè, mówà lásán kò ní ṣe é ní nǹkan, àmọ́ bí òjò bá ti rin ilẹ̀ gbingbin, ẹ fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ títí á fi gbẹ.

Nípa ibi tí ẹ ti máa rà á: àwọ̀ kan náà kì í ṣe mówà kan náà. John Deere S100 wà ní Home Depot àti Lowe's, ṣùgbọ́n X300 wọn, ọ̀dọ̀ díílà nìkan ni. Wáráńtì S100 jẹ́ ọdún 2 tàbí wákàtí 120, ti X300 jẹ́ ọdún 4 tàbí wákàtí 300. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé e ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, bí ọgbọ̀n wákàtí ni ẹ máa lò lọ́dún, ọdún ló máa tán kí wákàtí tó tán. Nítorí náà, iye ọdún ni kí ẹ máa wò. Ẹ sì bi ara yín léèrè ẹni tó máa wá gbé e bó bá bàjẹ́ ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí gbogbo ìlú ń gé koríko.

Oníkoríko, Arlington, Texas

Bí díílà bá gbà, ẹ gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e gun òkè. Tútù kọ́ la fi ń mọ gíà. Ní ti ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, kò ṣàṣìṣe. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ fi 30 sọ ọ́ di ìlọ́po. Bí ó bá jẹ́ 80 dọ́là, 2,400 ni lọ́dún kan, owó mówà kan nìyẹn. Èmi tí mò ń gba irú owó yẹn náà ni mò ń sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tàbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó wà nílé, kó san án láìkábàámọ̀.

Mọ́mì Bowie, Maryland

Bàbá Ìbejì, ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ìbejì báyìí?

Bàbá Ìbejì, Loganville, Georgia

Mẹ́tàlá, mà. Táíwò ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gùn ún.

Mọ́mì Bowie, Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn ún. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ni pé ó kéré tán kí ọmọ pé ọdún 16 kí ó tó jókòó lé mówà, àti ọdún 12 fún èyí tí a ń tì. Ẹ má sì gbé ọmọ kékeré lé itan lórí rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Ẹsẹ̀ ọmọ tí mo ti rí nílé ìwòsàn nítorí nǹkan yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Táíwò lè máa bá yín ṣa ẹ̀ka igi àti òkúta kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wọlé lọ bí ẹ bá ti tan bíléèdì.

Bàbá Ìbejì, Loganville, Georgia

Mo gbọ́, mà. Màá sọ fún un lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: ẹ́ńjìnnì ti àtijọ́ yẹn ṣì ń dún kooko. Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní kí n ju mówà náà sínú kọntéínà tí ń bọ̀.

Ẹnjiníà, Katy, Texas

Ẹ má ṣe é. Gíà tó ti kú lẹ ń fi ránṣẹ́, kò sì dájú pé àbúrò yín á rí bẹ́líìtì tó bá a mu níbẹ̀. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì yẹn fún ẹni tó nílò rẹ̀ níbí, ẹ fi owó náà ra ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká gé koríko fún àbúrò yín. Ìyẹn ni wọ́n ń rí tún ṣe nílé.

Bàbá Ìbejì, Loganville, Georgia

Bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń lọ sọ́dọ̀ díílà kan ní Monroe. Téèpù ti wà nínú mọ́tò. Ìyàwó mi ní òun á bá mi lọ, pé òun gan-an ló máa bèèrè ọ̀rọ̀ ọ́ìlì gíà yẹn.