Àkúdàáyà ni, àbí afojújọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti Ẹpẹ kó ọ̀rọ̀ fíìmù mẹ́rin tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ wọn ló ń fi ìbéèrè fíìmù dà wọ́n láàmú nílé. Wọ́n pe àwọn tó ń fò lókè, tó ń gba ayé là nínú fíìmù, ní "àgbà akọni". Fíìmù tó bá tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ní "ìtẹ̀síwájú". Èrò tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tò jọ kí fíìmù tó jáde, pé báyìí ni yóò rí, báyìí ni yóò parí, wọ́n pè é ní "tíọ́rì olólùfẹ́". Ẹni tó bá sì ní ojú kan náà pẹ̀lú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n tó wá láti ayé mìíràn, "àkúdàáyà" ni wọ́n fún un. Ti àkúdàáyà yìí ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. N ó sáré kọjá lórí àwọn yòókù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gba "àgbà akọni". Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi sọ pé agbára onítọ̀hún ju ti akọni lásán lọ, ṣùgbọ́n àgbà tí etí Yorùbá gbọ́ ni àgbà tó ti hu ewú. Ọmọ iléèwé girama ni Spider-Man nígbà tí aláǹtakùn bù ú jẹ. "Alágbára" tí ẹnì kan dá lábàá lẹ́yìn yín ò tún ṣe é: Batman ò ní agbára kankan ju pé ó lówó, ó sì mọ ìjà jà. Owó ni oògùn tirẹ̀. Akọni náà tó o jàre. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ Ògèdèǹgbé lè pè wọ́n ní akọni inú fíìmù.

Ká má sì gbàgbé pé àwọn ọmọ àdúgbò ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, láti ìgbà tí a ti ń wo fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà lórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni rere tí fíìmù dá lé lórí ni "áátọ̀". Ẹni ibi ni "bọ́ọ̀sì". Òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: áátọ̀ kì í kú. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá fa wàhálà.

"Ìtẹ̀síwájú" dára létí, àmọ́ ó ti sọ pé ìtàn náà ń lọ síwájú. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ó jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní 1949, ṣùgbọ́n ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ló wà nínú rẹ̀. Ìwé kejì ni, ẹ̀yìn ló sì padà sí. Kí la fẹ́ pe ìyẹn, ìtẹ̀síwájú tó ń fẹ̀yìn rìn? "Àtẹ̀lé" ni mo fọwọ́ sí, nítorí pé kò sọ ju pé ó tẹ̀ lé nǹkan kan. Ìgboro á ṣì máa wí "apá kejì" tàbí "pát tú" lọ, kò sì burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gba fíìmù tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò láti kọ "tírélà" fún fíìmù kékeré tí wọ́n fi ń polówó fíìmù ńlá. Mo sọ ọ́ nílé pé tírélà tuntun ti jáde, ìyá mi béèrè pé ibo ló tún ṣubú sí.)

"Tíọ́rì olólùfẹ́" ńkọ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà ni. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àti olólùfẹ́ olórin wà lẹ́nu wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sí bọ́ọ̀lù tàbí orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìfẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. "Àbá òǹwòran" ni tèmi. Àbá ni ohun tí èèyàn dá láti inú ohun tó rí, tó sì lè tọ́ka sí ìdí rẹ̀. Àhesọ yàtọ̀: ẹnì kan ló gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ẹ rántí fíìmù Spider-Man ti December 2021, èyí tí àwọn òṣèré mẹ́ta tó ti ṣe Spider-Man rí pàdé nínú rẹ̀. Kó tó jáde, àbá wà lórí ẹ̀, àhesọ náà sì wà lórí ẹ̀. Andrew Garfield, ọ̀kan nínú wọn, ń sẹ́ káàkiri pé òun ò sí níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ ketekete. Nínú ọdún kan náà, àbá àwọn tó ń wo eré orí tẹlifíṣọ̀n WandaVision ni pé Mephisto, bí èṣù kan báyìí, ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Wọ́n tò ó, wọ́n tún un tò, ó sì já sí pàbó. Mephisto ò yọjú. Àbá ni méjèèjì. Pé ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ kọ́ ló sọ ọ́ di àbá.

Ó yá, ti àkúdàáyà.

Fún ẹ̀yin tí kò bá àwọn ọmọ yín wò ó: nínú fíìmù Avengers: Endgame, ní 2019, Tony Stark, ọkùnrin aláṣọ irin tí wọ́n ń pè ní Iron Man, fi àwọn òkúta alágbára mẹ́fà sọ́wọ́, ó tàka, àwọn ọ̀tá di eruku, òun náà sì kú. (Àwa ń tàka ká fi lé ibi dànù. Tiwọn, ìka tí Thanos, bọ́ọ̀sì wọn, kọ́kọ́ ta ló pa ìdajì ayé. Mo máa ń rò ó.) Robert Downey Jr. ló ṣe Stark. Nígbà tó di July 2024, ní San Diego ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan dúró lórí pèpéle nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó sì gbé ìbòjú bojú. Ó ṣí i, Robert Downey Jr. ni! Wọ́n ní òun ni yóò ṣe Doctor Doom, bọ́ọ̀sì pátápátá, nínú Avengers: Doomsday, tí wọ́n ti sún láti May sí December 2026. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣí aṣọ lójú eégún, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn àgbà. Níbẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa.

Àwọn Russo, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni olùdarí fíìmù Doomsday náà. Àwọn kan náà ló ké sí àwọn ọmọ wa, Ikorodu Bois, ní 2020, nígbà tí àwọn ọmọ náà fi ohun èlò ilé tún ìpolówó fíìmù Extraction ṣe. Nítorí náà, bí ọmọ Ìkòròdú bá ń sọ̀rọ̀ fíìmù yìí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ má bá a wí.

Ọjọ́ Sátidé, mo wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi, kò jìnnà sí gáréèjì Ṣágámù. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Ọmọkùnrin tó ń gẹrun ṣáájú mi, ìdajì orí rẹ̀ ti mọ́ kedere, ìdajì ṣì rí bí igbó, kílípà sì ti dúró sáfẹ́fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Áátọ̀ kì í kú," ni onígbàjámọ̀ ń wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ó kú."

"Ó kú o! Wọ́n ṣe ìsìnkú ẹ̀. Wọ́n gbé òdòdó léfòó lórí omi, ìyàwó ẹ̀ wà ńbẹ̀, ọmọ ẹ̀ wà ńbẹ̀."

"Ta wá lẹni tí wọ́n ṣí ìbòjú ẹ̀ yẹn?"

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ò gbójú sókè. Ó ní, "Àkúdàáyà ni. Ó kú nílùú kan, ó ń gbé ní òmíì."

Onígbàjámọ̀ na kílípà sí ọmọ náà bí ẹni na ìka sí èèyàn. "Àkúdàáyà tó wá di bọ́ọ̀sì? Ìwọ gbọ́ ọ níbo? Bọ̀dá Tíṣà, ẹ gbà wá."

Mi ò lè gbà wọ́n. Ohun tó ká mi lẹ́nu kò ni pé ọmọ náà ti sọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa sọ láti Ẹpẹ, láìmọ ara wọn rí. Ohun tó ká mi lẹ́nu kò ni pé ọmọ náà kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan rárá. Àbá ló dá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ta ni àkúdàáyà? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé tó kú, tó wá lọ jókòó sí ìlú jíjìn, tó ń ṣòwò, tó tiẹ̀ lè láya tàbí lọ́kọ, tó bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé kan yóò fi bá ọjà dé ibẹ̀, tí yóò kígbe orúkọ rẹ̀, tí yóò sì di àwátì. Ẹni kan náà ni. Òun gan-an ni. Bí mo bá kọ ọ́ pé Doom jẹ́ àkúdàáyà Stark, mo ti sọ pé Stark ló padà wá. Àwọn òǹwòran kan gbà bẹ́ẹ̀, àbá kìíní nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ò gbà.

Ẹnì kan nínú wa ní ká lo "ẹnìkejì". Ó dùn mọ́ mi nínú fún ọjọ́ méjì. Àwọn àgbà gbà pé olúkúlùkù ló ní ẹnìkejì lọ́run, tí a ń bẹ̀ kó má dá iṣẹ́ ẹni rú, èyí sì súnmọ́ ohun tí fíìmù wọ̀nyí ń wí, pé ayé pọ̀ lọ bẹẹrẹ, ìwọ kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì ní okùn tó so ó mọ́ ẹni. Ẹni tó bá lò ó ti wọ àbá kejì: pé Stark ayé mìíràn ni Doom, Stark tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú Bíbélì, ẹnìkejì ni ẹni tí wọ́n ní ká fẹ́ràn bí ara wa. Bọ́ọ̀sì la wá fẹ́ pè bẹ́ẹ̀!

"Ẹ̀dà" ni èmi fúnra mi kọ́kọ́ kọ sínú ìwé. Ó wù mí nítorí ohùn rẹ̀: gbé ohùn kejì sókè, ó di ẹ̀dá, èèyàn ẹlẹ́ran ara. Àmọ́ ẹ̀dà máa ń ní ojúlówó tí wọ́n dà á kọ látinú rẹ̀. Èwo wá ni ojúlówó nínú àwọn méjì yìí? Nínú ìwé àwòrán, Doom jáde ní 1962, Iron Man ní 1963. Bọ́ọ̀sì ló ṣáájú áátọ̀ dáyé. Onítọ̀hún ò sì jẹ́ Stark nínú ìwé wọ̀nyẹn. Victor von Doom ni, láti Latveria, orílẹ̀-èdè inú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tirẹ̀. (Ìdí nìyẹn tí n ò fi gbà pé ká pè é ní Dókítà Ègbé. A kì í túmọ̀ orúkọ ìdílé ẹni. Ó yẹ kí wọ́n kàn pè é ní Doom, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é.) Àbá kẹta sì nìyẹn: pé ojú lásán ló bá Stark dọ́gba, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó dá àbá yìí máa ń tọ́ka sí ìparí fíìmù Fantastic Four ti July 2025. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wà níwájú ọmọ kékeré kan, ó mú ìbòjú lọ́wọ́, wọn ò sì jẹ́ ká rí ojú rẹ̀. Àwọn tó dá àbá kejì náà ń tọ́ka sí ibẹ̀ kan náà: tí ojú náà ò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ló dé tí wọ́n fi í pamọ́?

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ẹjọ́ rò kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Atúmọ̀ tó bá mú ọ̀kan ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ara wọn jiyàn nínú ìsọ̀ onígbàjámọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá "afojújọ". Ó fojú jọ bàbá ẹ̀, ó fojú jọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀: gbogbo wa ló ń sọ ọ́. Afojújọ ò sọ pé ẹni kan náà ni, kò sọ pé wọ́n bá ara wọn tan, kò sọ pé ọ̀kan ṣáájú. Ohun tí ojú rí nìkan ló sọ. Ẹ lè kọ ọ́ pé "afojújọ Stark" lónìí, kò sì ní di irọ́ lọ́jọ́ tí fíìmù bá jáde, èyíkéyìí ì báà ṣẹ.

Mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Ó dákẹ́, ó fẹ irun kúrò lára kílípà. "Bọ̀dá Tíṣà, afojújọ ò dẹ́rù bani." Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn dà bí orúkọ tí wọ́n ń fún ìbejì. Àkúdàáyà ni wọ́n ṣì ń pè é níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò sì lè sọ pé wọn ò mọ Yorùbá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi àkúdàáyà sílẹ̀ fún àwọn tó ń dá àbá, ká fi afojújọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń túmọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ọmọ yín ní Ẹpẹ pé nínú àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo lòun gbà. Kó má ṣe sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ pè é fún mi o. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.