Ìmọ̀ràn: àpẹẹrẹ wo ló dára jù láti fi ara èèyàn kọ́ni ní lífà?

Olùkọ́_Físíìsì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi oríkèé ara kọ́ kíláàsì ní lífà, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lórí ibi kan tó fara tì láti gbé ẹrù. Mo ń wá àpẹẹrẹ tó ní ìṣirò nínú, àti ohun tí ọmọ lè fi ara rẹ̀ dán wò. Kí lẹ dábàá?

Atúnrase: Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Egungun apá ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá, oríkèé ni ibi tó fara tì, iṣan iwájú apá ló ń fà á. Ibi tí iṣan yẹn ti so mọ́ egungun kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sí oríkèé. Àtẹ́lẹwọ́ tó di ẹrù mú sì jìnnà tó 35. Bí ẹrù bá jẹ́ kílò 5, tí ìgbọ̀nwọ́ ṣẹ́ ní igun 90, 5 × 35 ÷ 5 = 35. Iṣan ń fa ìwúwo kílò 35, a ò sì tíì ka apá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á béèrè èrè tó wà níbẹ̀. Bí okùn iṣan bá sún sẹ̀ǹtímítà 1, ọwọ́ á sún 7. Agbára la fi ra ìyára.

Oníṣirò: Ẹ ṣọ́ra fún àpẹẹrẹ dídúró lórí ìka ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ara ni ẹrù láàárín ìka tó fara tì àti gìgísẹ̀ tí iṣan ń fà, nítorí náà agbára iṣan kéré sí ìwúwo ara. Irọ́ ni. Ara tí iṣan ń gbé náà ló so mọ́ lókè: bó ṣe ń fa gìgísẹ̀ sókè ló ń tẹ ara mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti ṣírò rẹ̀. Bí ìdí ìka bá fi sẹ̀ǹtímítà 12 jìnnà sí i, tí okùn gìgísẹ̀ sì fi 5 jìnnà, ẹni kílò 60 tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ń fa 60 × 12 ÷ 5, ìyẹn kílò 144.

Eléré_Ìdárayá: Ìdánwò tèmi: ìgò omi lítà 1 nínú àpò. Kí ọmọ na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó bá èjìká dọ́gba, kó fi àpò kọ́ ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Lẹ́yìn ìsinmi, kó sún un sí ìgbọ̀nwọ́. Omi ò dín, àmọ́ jíjìnnà rẹ̀ sí èjìká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á ká ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ sí òdìkejì, tàbí kí wọ́n gbé èjìká sún mọ́ etí.

Atúnrase: Àfikún kan: kí wọ́n ká ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n gbé àpò náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí wọ́n wá dà á dojú bolẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa tẹ iṣan iwájú apá wò. Á rọ̀. Egungun ìhà àtàǹpàkò ló so mọ́, egungun yẹn sì ń yí. Iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ so mọ́ egungun kejì tí kì í yí, òun ló ń gba iṣẹ́ náà.

Olùkọ́_Físíìsì: Ẹ ṣeun gan-an. Orúnkún ńkọ́?

Oníṣirò: Ẹ fi kún un, nítorí egungun kékeré iwájú rẹ̀. Òun ló ń ti okùn iṣan itan síwájú kúrò lára oríkèé. Bí kò bá sí, jíjìnnà yẹn á dín kù, iṣan á sì ní láti fà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹsẹ̀ tó nà tán. Àmọ́ ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ egungun ló ń yí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò ọ̀pá kan ò gbà á.