Karafáànì lórí òkè Èkìtì: kí ni ojú yín ti rí?

Awakọ̀, Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan béèrè bóyá èèyàn lè fa karafáànì, ilé alátáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lójú ọ̀nà Èkìtì níbí. Ó ṣeé ṣe, mò ń fa ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́ sílé. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wálé wá ṣe òkú tàbí oyè, àlejò á ti gba gbogbo yàrá ilé bàbá wa tán, òtẹ́ẹ̀lì ìlú á sì ti kún. Ní báyìí, ibi tí ìnáwó bá wà la máa ń wọ́ ilé tiwọn lọ. Tí wọ́n bá ti padà sọ́hùn-ún, ọwọ́ mi ló ń wà. Mo máa ń gbé e fún àwọn tó ń ya fíìmù, tàbí àwọn tó fẹ́ sùn sítòsí omi gbígbóná Ìkògòsì.

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni, "Ṣé Hilux lè fà á?" Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, iye kílò tó lè fà wà níbẹ̀. Èmi ò tíì rí ibi tí agbára ọkọ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí wọ́n dì síbi tí kò yẹ ni mo rí tó fẹ́ pààyàn.

À ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kan, òkú ìyá àgbà kan la lọ ṣe. Bí mo ṣe lọ dágbére fáwọn àgbà, àwọn ọmọ ilé wa ti kó jẹnẹrétọ̀, kíréètì mínírà tó ṣẹ́kù àti ìkòkò ńlá sínú karafáànì, gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, torí ibẹ̀ ló yá wọn lára láti jù ú sí. Wọn ò sọ fún mi. À ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ni mo bá rí i nínú dígí pé ilé náà ń jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, ó sì ń wọ́ ìdí Hilux mọ́ra. Ọmọ àbúrò bàbá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo, "Bọ̀dá, ẹ tẹ bíréèkì!" Bíréèkì ọkọ̀ gan-an ni kò yẹ kéèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ nírú àsìkò yẹn. Tí ọkọ̀ iwájú bá dúró lójijì, tẹ̀yìn á tì í, àwọn méjèèjì á sì ká mọ́ra wọn. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo di sítíárì mú gbọn-in láì yí i, mo wá fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì bíréèkì tó jẹ́ ti karafáànì nìkan, èyí tí wọ́n so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Díẹ̀díẹ̀ ló fa ara ẹ̀ gún. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi rí ibi páàkì. Ibẹ̀ la ti tú gbogbo ẹrù kalẹ̀ lẹ́bàá títì, tá a tún un tò.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo karafáànì ló yẹ kó wà lórí ìkọ́ iwájú. Tí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá jẹ́ 2,000 kílò, kí ìkọ́ máa ru 200 sí 300. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn á máa jù. Tó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ tó ń fà á á wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, sítíárì ò sì ní gbọ́ràn mọ́. Òṣùwọ̀n àwọn oníkòkó ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń fà á lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ra kòkó ní Ìjerò, nígbà tí ọjà ò bá pọ̀ nílẹ̀. Màá gbé ẹsẹ̀ jáàkì iwájú lé òṣùwọ̀n ilẹ̀, karafáànì á dúró gbọọrọ bó ṣe máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, màá sì ka iye tó bá kọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí òṣùwọ̀n náà lè gbé o, kẹ́ ẹ má bàa ba nǹkan oníṣẹ́ jẹ́.

Ẹrù tó bá wúwo, ilẹ̀ ni kó wà, lókè àwọn táyà tàbí níwájú wọn díẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè, aṣọ àti búrẹ́dì ni kó máa gbé. Omi náà ẹrù ni: lítà kan, kílò kan. Ẹni tó bá pọn táńkì lítà 150 kún láti Adó ti fi 150 kílò gun òkè lásán, nígbà tí omi kún Ìkògòsì.

Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti já jíà wálẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú. Bíréèkì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, ìsàlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti nílò rẹ̀ jù ló sì ti máa kọ̀ yín.

Wẹ́dà kan níbí ní kí n jẹ́ kóun fi irin gbẹ́ bọ́ọ̀lù ìkọ́ tó ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ fún mi, pé owó òun ò pọ̀. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n sára bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹnu irin tó ń gbé e mì: íńṣì 2 ni tàwọn kan, íńṣì 2 àti 5/16 ni tàwọn tó wúwo. Tí méjèèjì ò bá bára mu, kòtò kan péré tó láti já a. Ẹ̀wọ̀n méjèèjì tó wà nídìí ìkọ́, ẹ gbé ọ̀kan kọjá lórí èkejì lábẹ́ ibẹ̀. Bí ìkọ́ bá yọ, wọ́n á gbà á bí ọ̀já ṣe ń gba ọmọ, imú karafáànì ò ní gún ilẹ̀.

Fọ́kánáísà, Ìyìn

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ̀bá títì tó lọ sí Àrámọkọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ táyà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹnì kan fa karafáànì tòkunbọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, táyà kan ti fọ́. Mo bá a pààrọ̀ ẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká yọ èkejì náà. Ó ní, "Ṣé o ò rí i bójú ẹ̀ ṣe jinlẹ̀ ni? Ó mà ṣì ń dán." Mo fi aṣọ nu eruku ara ẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà han ọ̀gá náà. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà yẹn ni ọjọ́ ìbí ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tiẹ̀, 2011 ni. Táyà karafáànì kì í sábà jẹ tán lójú, torí ìdúró ẹ̀ pọ̀ ju ìrìn ẹ̀ lọ. Oòrùn àti ọjọ́ orí ló ń pa á. Tó bá ti tó ọdún 5 sí 6, ẹ yọ ọ́ dànù, bó ti wù kó máa dán tó. Ọ̀gá ní owó ò sí, wọ́n gbéra. Kò pẹ́ ni wọ́n pè mí láti ojú ọ̀nà. Táyà náà ti bẹ́, rọ́bà tó ya ń nà kiri, ó ti ya páànù ẹ̀gbẹ́ karafáànì, ó sì ti já páìpù omi abẹ́ ẹ̀. Owó tó lọ sọ́wọ́ panẹ́bítà ju owó táyà lọ fíìfíì.

Àwọn kan tún máa ń fi táyà ọkọ̀ kékeré sí i. Èyí tí wọ́n kọ ST sí lára ni wọ́n ṣe fún nǹkan tí wọ́n ń fà. Àárọ̀ tó ṣì tutù ni kẹ́ ẹ fún un láfẹ́fẹ́, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara karafáànì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má dúró lọ́sàn-án gangan kẹ́ ẹ ní ó ti le jù, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fi wíìlì tuntun rin bíi 80 kílómítà, ẹ tún nọ́ọ̀tì ẹ̀ dì.

Ìkan ṣì kù. Níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró jẹun, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín wíìlì. Tó bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Tí ọwọ́ ò bá gbà á, bẹ́ríǹgì ń jó tàbí bíréèkì ń há. Gíríìsì bẹ́ríǹgì, lọ́dọọdún, kódà kó má rìn.

Ìyá Alásè, Ìkẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa táyà, ọmọ mi ọkùnrin ló ń wà á. Ìdáná ni tèmi. Inú karafáànì ni mo ti ń dín ẹran níbi ìnáwó, ibẹ̀ ni mo ń tọ́jú ọbẹ̀ sí. Iyán ńkọ́? Ìta lodó wà o! Ta ló fẹ́ gúnyán nínú ilé alátáyà?

A gbé e sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ tá ò lò ó, mo wá tan gáàsì, iná ń jó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìdí ìkòkò ń dúdú. Ọmọ tó ń ta gáàsì ní ṣílíńdà mi ló ti ń tán. Irọ́. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ìdáná náà, ó sì kọ́ òmíì sẹ́yìn fíríìjì. Wáyà tín-ín-rín àti búrọ́ọ̀ṣì la fi yọ ọ́. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé la fi bo àwọn ihò ìta yẹn báyìí. Tá a bá sì dé ibi tuntun, mo máa ń po ọṣẹ mọ́ omi, màá fi kànìnkànìn pa á sí oríkèé rọ́bà gáàsì. Tó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó o, ẹ jọ̀ọ́. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ti ṣílíńdà pa.

Fíríìjì tó ń lo gáàsì náà ní ìwà tiẹ̀. Tí karafáànì bá fì sápá kan, kò ní tutù, torí omi inú páìpù ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní lè ṣàn bó ṣe yẹ. Agbolé kan la lọ níbí, lẹ́bàá òkúta, ilẹ̀ ibẹ̀ dagun. Ẹja mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ọmọ mi da omi sínú abọ́ fífẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ nínú ilé, omi sì wọ́ lọ sápá kan lójú gbogbo wa. Wọ́n ti pákó sábẹ́ táyà apá tó wọlẹ̀ títí omi abọ́ fi dọ́gba. Kí wọ́n tó tú ìkọ́ ni wọ́n ṣe é o, wọ́n sì fi igi dí táyà níwájú lẹ́yìn, kó má bàa yí lọ bá àwọn alága lábẹ́ kánópì.

Táńkì omi, bílíìṣì lásán tí kò ní lọ́fínńdà ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́: bíi mílílítà 60 sínú lítà 60 omi. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ wá fi omi mímọ́ ṣàn án títí òórùn ẹ̀ á fi lọ.

Rewáyà, Adó

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ò, ma. Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá. Karafáànì tó bá ti Amẹ́ríkà wá, fóòtì 120 ni iná ẹ̀, 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí síwá sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa jẹ́ 230, 50 Hz. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi tí ẹnì kan ti gé orí wáyà ẹ̀, tó fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i, tó sì tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n, máíkíróweefù àti àpótí tó ń fi iná sí bátìrì, gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn jíjóná ṣì wà nínú ilé náà nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn.

Tiransífọ́mà tó ń sọ 230 di 120 lẹ máa rà, kó tóbi tó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tàn. Kò sì lè sọ 50 di 60, nítorí náà ẹ́síì orí òrùlé á máa gbóná lórí iná wa. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀hún tàn án, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi tiwa sí i. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba wá ò ní wàhálà yìí. Bátìrì: tó bá sinmi tó kọ fóòtì 12.6, ó kún. Tó bá ti dé 12.0, ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi iná sí i. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé karafáànì. Ilé kékeré ni, èéfín tó ń pààyàn nínú ẹ̀ ò ní òórùn tí imú máa gbọ́.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Òjò ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Awakọ̀, Adó

Àbúrò, òjò burú ju òkè lọ. Oríkèé òrùlé ló ń là, níbi táwọn fèrèsé òkè àti páìpù ti gba ibẹ̀ yọ. Oòrùn àti ọyẹ́ ń gbẹ gọ́ọ̀mù ibẹ̀ títí á fi fọ́ wẹ́wẹ́, òjò àkọ́rọ̀ á sì wọlé láì ro ẹnì kankan lójú. Ògiri pákó inú ló máa kọ́kọ́ jẹrà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń gòkè wò ó. Lẹ́yìn òjò ńlá, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri nígun méjèèjì. Tó bá rọ̀, omi ti wọlé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún òrùlé karafáànì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe sílíkónì tí wọ́n fi ń lẹ dígí, torí kì í dì mọ́ rọ́bà òrùlé yẹn dáadáa, òmíì ò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn kan ń da tapólìn bò ó. Atẹ́gùn á máa fi tapólìn ọ̀hún ha á lára ni. Páànù tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ la kọ́ lé tiwa lórí. Abẹ́ igi máńgòrò, ẹ má débẹ̀.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn èèyàn wa ni wàhálà. Ilé wà, ṣáláńgá wà, ìyàwó bọ̀dá wa kan ní ti karafáànì lòun fẹ́, nígbà tó sì jáde, ìlà ti tò. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu páìpù táńkì ẹ̀ sílẹ̀. Omi á ṣàn lọ, nǹkan líle á ṣẹ́kù, á gbẹ, á dì bí òkè sísàlẹ̀ ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bá yín yọ ọ́. Ẹ tì í pa, ẹ máa da omi púpọ̀ tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá ti fẹ́ kún ni kẹ́ ẹ tó tú u, lẹ́ẹ̀kan náà. Inú sọ́kàwéè ni, kì í ṣe gọ́tà, kì í ṣe odò. Ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí ẹ̀, torí ẹnì kan ti lé mi kúrò ní agbolé rẹ̀ ní Ìdó kí n tó ṣàlàyé.